Kálípà tí wọ́n ṣe fọ́mọ mi ń bó o lẹ́sẹ̀, ṣé kí n gbàgbé ẹ̀ ni?

Ìyá Àjọkẹ́ (Ṣàgámù)

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú iṣẹ́. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, kíkà ni mo máa ń kà níbí, mi ò kọ nǹkan kan rí.

Ọmọ mi obìnrin pé ọdún 4 lẹ́yìn Iléyá tó kọjá. Bí oṣù 8 sẹ́yìn ni ibà mú un lóru, ara ẹ̀ gbóná janjan, bàbá ẹ̀ ò sí nílé, mo pọ̀n ọ́n, ó di ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó máa ń gún wa lábẹ́rẹ́ ládùúgbò. Ó gún un nídìí, apá ọ̀tún. Igbe tọ́mọ yẹn ké, látọjọ́ tí mo ti bí i mi ò gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu ẹ̀ rí. Ilẹ̀ mọ́, ibà ti lọ, ó ní kóun sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ló bá ṣubú lulẹ̀. A ní àárẹ̀ ni. Ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, orí ẹsẹ̀ ọ̀tún ò gbé sókè mọ́, tó bá ń rìn ẹ ó máa gbọ́ ṣọ̀ọ̀, ṣọ̀ọ̀ nílẹ̀, iwájú bàtà ẹ̀ ọ̀tún ti jẹ tán, tòsì ṣì wà bí ọjọ́ tí mo rà á.

A kọ́kọ́ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fọwọ́ wọ́ ẹsẹ̀, àdí àti òrí tá a ti fi pa ẹsẹ̀ yẹn á kún kẹ́ẹ̀gì. Ìgbà tá a wá dé ọsibítù ni wọ́n ṣàlàyé pé iṣan ńlá kan wà tó gba ìdí kọjá lọ sẹ́sẹ̀, pé òun ni abẹ́rẹ́ bà. Wọ́n ní ká máa ṣe físíò, ìyẹn ká máa na ẹsẹ̀ yẹn ká máa lò ó, ká sì ṣe kálípà tí wọ́n máa ń dè mọ́ ẹsẹ̀ kó lè dúró, kì í ṣe onírin o, èyí oníke funfun tó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ orúnkún tó wá tẹ̀ wọ àtẹ́lẹsẹ̀ bíi lẹ́tà L. A ṣe é níbì kan. Owó ẹ̀, ẹ jẹ́ n fi sílẹ̀, obì tí ìyá mi tọ́jú pé kó wọ́n kóun tó tà á, ọjọ́ tí ò wọ́n ló tà á.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó wọ̀ ọ́, ó rìn, omi bọ́ lójú mi. Àtàárọ̀ dalẹ́ ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Ọjọ́ kejì ó ní "mọ́mì, ó ń dùn mí," mo ní á mọ́ ọn lára. Ọjọ́ kẹta mo bọ́ ọ, kókósẹ̀ ẹ̀ ti bó, ẹ̀jẹ̀ wà lára sọ́ọ̀sì. Mo sọ kálípà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ti pé ọ̀sẹ̀ 5 tó ti wà níbẹ̀.

Ìyá ọkọ mi ní àwọn ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, pé nǹkan téèyàn bá dè mọ́ ẹsẹ̀ ọmọdé, ńṣe ló máa mú kẹ́sẹ̀ gbẹ. Wọ́n tún wá ní tá a bá tiẹ̀ máa ṣe òmíì, ká ní kí wọ́n ṣe é tóbi dáadáa bíi yunifọ́ọ̀mù iléèwé, kó lè lò ó títí dé praimari 3. Lóòótọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún ti tín-ín-rín ju tòsì lọ, mo fi okùn wọ̀n ọ́n. Ọkọ mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tó bá ti ṣe irú ẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá sí i, ṣé kí n tún dè é fún un ni àbí kí n gbàgbé ẹ̀.

Àrẹ̀mọ Ìkẹ́nnẹ́

Ẹni tó gún un ńkọ́? Ó ṣì ń gún ọmọ ọlọ́mọ kiri? Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára o, irú wọn pọ̀ nílùú yìí ju iye kẹ́mísì lọ.

Màmá Elélùbọ́ (Ìpẹ̀rù)

Pẹ̀lẹ́ ọmọ mi, Ọlọ́run á bá ẹ wo ọmọ ẹ sàn. Èmi ti dàgbà díẹ̀, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kì í fẹ́ gbọ́ tiwa, ṣùgbọ́n bàbá kan wà lọ́nà Òde Rẹ́mọ tó ń to eegun, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣubú lórí ọ̀kadà, eegun itan ẹ̀ ṣẹ́ sí méjì, kò pẹ́ kò jìnnà ó ti ń rìn, wọn ò de ike kankan mọ́ ọn. Lọ gbìyànjú ẹ̀ ná kó o tó tún náwó.

Físíò Rẹ́mọ

Ẹ kú àná o Màmá wa, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ka ọ̀rọ̀ mi sí àrífín. Ti ọmọ ẹ̀gbọ́n yín, eegun ló ṣẹ́. Eegun ọmọ tibí ò ṣẹ́, kò sí nǹkan tí wọ́n fẹ́ tò níbẹ̀.

Ìyá Àjọkẹ́, iṣẹ́ físíò ni mò ń ṣe, ó ti lé lọ́dún 10, irú ọmọ yín yìí ò ṣàjèjì sí wa rárá. Iṣan tí wọ́n sọ fún yín yẹn, ẹ fojú inú wò ó bíi wáyà iná tó tinú ọ̀pá ẹ̀yìn jáde, tó gba inú ìdí kọjá, tó wá pín sí méjì nítòsí orúnkún, ọ̀kan lọ síwájú ojúgun, òun ló ń gbé orí ẹsẹ̀ sókè, ìkejì gba ẹ̀yìn lọ. Ìdí ọmọdé ò lẹ́ran tó bẹ́ẹ̀, abẹ́rẹ́ tó bá ṣìnà díẹ̀, wáyà yẹn ló máa bá. Ẹ ò rí i pé tẹ́ ẹ bá gbé ìkókó lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, itan ni wọ́n ń gún, lápá ìta? Ìdí ẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ gún ọmọ yín nídìí, ẹ bi í pé kí ló dé, ẹ má tijú ẹnikẹ́ni.

Iṣan tí kò bá já pátápátá máa ń hù padà. Ṣùgbọ́n ó ń falẹ̀ o! Bíi mìlímítà 1 lóòjọ́, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 lóṣù kan. Ẹ mú téèpù, ẹ wọn ọmọ yín àtìdí dé ìsàlẹ̀ orúnkún, kẹ́ ẹ wá pín in, ẹ ó rí i pé oṣù 8 ṣì kéré.

Kálípà ò lè mú kó hù kíákíá, mi ò ní parọ́ fún yín. Nǹkan tó ń ṣe ni pé, bá a ti ń dúró de iṣan yẹn, orí ẹsẹ̀ tó ń wọ́ sílẹ̀ yìí, tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, okùn tó wà lẹ́yìn gìgísẹ̀ á máa sún kì, á máa kúrú, nígbà tó bá fi máa di pé iṣan hù dé ibẹ̀, ẹsẹ̀ á ti le gan sílẹ̀, kò ní lè gbé e. Kálípà ló ń dì í mú kó dúró bó ṣe yẹ kẹ́sẹ̀ dúró lórí ilẹ̀. Ọmọ á tún yéé fi ìka kọ ilẹ̀, kò ní máa gbé orúnkún sókè gàgàrà bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn nígbà tí kò sí àtẹ̀gùn. Torí náà ọ̀sẹ̀ 5 abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn ló bà mí lẹ́rù o, ju egbò lọ.

Ẹ ṣe báyìí lálẹ́ òní. Kó jókòó, kó na ẹsẹ̀ ọ̀tún gbọọrọ, kí orúnkún má tẹ̀, ẹ fọwọ́ gbá gìgísẹ̀ ẹ̀ mú, kẹ́ ẹ wá rọra ti orí ẹsẹ̀ ẹ̀ bọ̀ lọ́dọ̀ ojúgun. Ṣé ó débi tó máa dúró bíi lẹ́tà L yẹn, àbí ó ń há kó tó débẹ̀? Tó bá ń há, ẹ má fipá kì í bọ kálípà, torí nígbà náà gìgísẹ̀ ò ní jókòó, á gbé sókè, á sì máa ha kókósẹ̀ bó ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀. Kálípà kì í na ohun tó ti le. Físíò ló máa kọ́kọ́ nà á, nígbà míì wọ́n á fi POP, báńdéèjì ẹlẹ́fun tó máa ń gan, dè é, wọ́n á máa pààrọ̀ ẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ̀ṣẹ̀ títí tó fi máa rọ̀.

Ti gbígbẹ tí Màmá àgbà ń sọ, ẹran ara tí iṣan ò ránṣẹ́ sí mọ́ ló ń gbẹ. Ọjọ́ 3 lọmọ fi wọ kálípà, ọjọ́ 3 ò lè gbẹ ẹsẹ̀.

Ibi tẹ́ ẹ ti ṣì í ni pé ẹ dè é àtàárọ̀ dalẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wákàtí 1 péré lẹ fi máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ bọ́ ọ, ẹ wo ara ẹ̀ níbi iná tó mọ́lẹ̀. Tójú kan bá pọ́n, ẹ wo aago. Tó bá ti parẹ́ kó tó pé ìṣẹ́jú 20 sí 30, kò sí wàhálà, ẹ fi díẹ̀ kún un lọ́la. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ tó ṣì pọ́n, tàbí awọ ṣí, ẹ má tún wọ̀ ọ́ fún un, ẹ gbé kálípà àtọmọ padà lọ bá ẹni tó ṣe é. Mo ní àtọmọ o, àwọn kan á gbé kálípà nìkan wá bí ẹni gbé sítóòfù wá fún títúnṣe. Ìwọ̀n kálípà kò yàtọ̀ sí aṣọ, kò sí télọ̀ tó ń gé e lẹ́ẹ̀kan kó má tún yẹ̀ ẹ́ wò lára aláṣọ.

Àti yunifọ́ọ̀mù yẹn, hàà. Ẹ bá mi kí Màmá, ṣùgbọ́n bóyá ni ohun kan wà tó léwu tó kálípà tó tóbi. Ẹsẹ̀ á máa sáré nínú ẹ̀, á sì bó níbi mẹ́ta dípò ibì kan. Ẹsẹ̀ tòní lẹ ń ṣe é fún.

Ẹ̀yin yòókù tẹ́ ẹ ń kà á, ọmọ tí ò tíì pé ọdún 15, tí apá tàbí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá kàn ṣàdédé rọ, yálà ó gbabẹ́rẹ́ tàbí kò gbà, ẹ má gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń wọ́ ẹsẹ̀. Ẹ lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Wọ́n á gba ìgbẹ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wákàtí 24 láàárín, kó tó pé ọjọ́ 14, láti fi mọ̀ bóyá rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ni. Ọ̀fẹ́ ni.

Télọ̀ Ìjẹ̀bú-Igbó

Físíò ti dárúkọ télọ̀, mo ní kí n yọjú.

Èmi tẹ́ ẹ rí yìí, 1983 ni wọ́n bí mi, rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú mi kí n tó pé ọdún 2. Ẹsẹ̀ òsì, látìbàdí dé ìsàlẹ̀. Tèmi kì í ṣe èyí oníke, onírin ni, irin méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún ọ̀kan lósì, awọ ni wọ́n fi dì í mọ́ itan, ìsàlẹ̀ irin wọ inú gìgísẹ̀ bàtà dúdú kan tó wúwo bí òkúta. Níbi orúnkún, òrùka irin kékeré wà níbẹ̀. Tí mo bá dìde tí mo na ẹsẹ̀, òrùka yẹn á já wálẹ̀ fúnra ẹ̀, kó!, orúnkún ti dúró nìyẹn, kò lè yẹ̀. Tí mo bá fẹ́ jókòó, mo gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ fọwọ́ fà á sókè. Torí ariwo yẹn ni wọ́n ṣe ń pè mí ní Kókó ní iléèwé, àwọn míì rò pé orúkọ mi nìyẹn ní tòótọ́, títí di òní tí mo bá gba Ọ̀jọ́wọ̀ kọjá ẹnì kan á ṣì pariwo Kókó!

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó mú mi kọ̀wé. Kálípà àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe fún mi, ibi tí wọ́n ti ṣe é ò ní ṣe yín láǹfààní, ibi tí irin ti ń ṣẹ́ po kò bá orúnkún mi dọ́gba, ó fi bí ìka méjì lọ sókè. Tí mo bá jókòó, awọ itan á fún mi ní ìdí itan bí ẹni fi pákó há mi mọ́lẹ̀. Mo sọ fún bàbá mi. Bàbá mi ní ọkùnrin ni ẹ́, fara dà á. Wọn kì í ṣèkà o, bí wọ́n bá gbọ́ pé n ò jẹun wọn ò ní jẹ, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbà lọ́kàn wọn pé ìyà ibẹ̀ gan-an loògùn ẹ̀, pé bó bá ṣe ń dùn mí tó ló ṣe ń ṣiṣẹ́ tó. Ọdún méjì gbáko ni mo fi gbé e bẹ́ẹ̀. Àpá ẹ̀ ṣì wà nítan mi, ó tó owó kọ́bọ̀ àtijọ́.

Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ní kí wọ́n gbé mi lọ Ìgbóbì, l'Ékòó, ọsibítù eegun tíjọba yẹn, 1945 ni wọ́n dá a sílẹ̀, àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun ni wọ́n kọ́kọ́ ń tọ́jú níbẹ̀. Aago mẹ́rin ìdájí la gbéra n'Íjẹ̀bú-Igbó. Bàbá tó ń ṣe kálípà níbẹ̀ ò tiẹ̀ wo ojú bàbá mi. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú mi, ó ní "ìwọ, níbo ló ti ń dùn ẹ́?" Ọmọ ọdún 7 ni mí, ẹnikẹ́ni ò bi mí rí. Mo nawọ́ sí i. Ó fi ṣọ́ọ̀kì sí orúnkún mi, ó fi sára irin, ó wo àlàfo tó wà láàárín méjèèjì, ó wá kọ hàà. Nígbà tí wọ́n ṣe tuntun, mo sá eré, irú eré tí arọ lè sá, mo ṣubú, mo dìde, bàbá mi kọjú sí ògiri.

Ẹ kálọ sí tiyín. Bi ọmọ yẹn pé níbo. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì tàbí tìróò kun kókósẹ̀ ẹ̀ níbi tó ti yọ gọngọ, nígbà tí egbò bá ti jiná o, ẹ wá wọ kálípà fún un láìwọ sọ́ọ̀sì, kó dìde dúró, kó rìn díẹ̀, kẹ́ ẹ bọ́ ọ. Ibi tí tìróò bá ti lẹ̀ mọ́ ike nínú ibẹ̀, ibẹ̀ ló ń ha á. Ẹ má pa á rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé e lọ fún wọn, kò ní sí àríyànjiyàn.

Àwa onírin, ọ́ìlì máṣíìnì ìránṣọ ni mo fi ń kán ojú irin orúnkún tèmi títí dòní, ẹ̀kán kan péré, kó má kan awọ. Kò kan ẹ̀yin oníke ṣá.

Bàbá Ẹ̀jìrẹ́ (Odògbolú)

Télọ̀, ẹ pa mí lẹ́kún lórí àga ọ́fíìsì.

Tèmi ni ti bàtà àti sọ́ọ̀sì, torí kò sẹ́ni tó máa ń sọ ọ́ fúnni. Kẹ́yìndé mi ni, ara ẹ̀ pọ́n lẹ́yìn ìbí, ibà pọ́njú, a pẹ́ ká tó gbé e lọ, ó bá ọpọlọ ẹ̀. Tiẹ̀ kì í ṣe pé ẹsẹ̀ rọ, ó le ni, ó ń fi ìka ẹsẹ̀ méjèèjì rìn bí ẹni fẹ́ já èso. Ọdún kẹta rèé tó ti ń lo oníke, ìkẹta nìyí tá a máa ṣe, torí bó bá ti ń dàgbà ìka ẹ̀ á yọ kọjá ike, bí ọdún kan sí ọdún kan ààbọ̀ lẹ máa ṣe òmíì, ẹ yáa máa dá èsúsú ẹ̀ láti ìsinsìnyí.

Ìgbà tí wọ́n ń wọn ẹsẹ̀ ẹ̀, báńdéèjì POP tí wọ́n rì sómi ni wọ́n we mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó máa ń gbóná díẹ̀ bó ṣe ń gan, ẹ sọ fọ́mọ tẹ́lẹ̀, tèmi rò pé wọ́n ń sè é. Bí wọ́n bá ti gé e kúrò wọ́n á da POP míì sínú ẹ̀, á wá di ẹsẹ̀ funfun kan, orí ẹ̀ ni wọ́n á na ike gbígbóná lé. Torí iná ló fi rọ̀, iná náà ló lè bà á jẹ́. Ẹ má sá a sóòrùn, ẹ má fi sílẹ̀ nínú mọ́tò, ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ lẹ fi ń nù ún.

Sọ́ọ̀sì òwú, tó ga ju ike lọ, kó má ká jọ rárá, ìkákò kékeré kan nínú ibẹ̀ òkúta ni fún ọmọ. Tẹ́ ẹ bá ń wọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kí orúnkún tẹ̀, ẹ ti gìgísẹ̀ wọlẹ̀ dáadáa kó kan ìdí, bẹ́líìtì ọrùn ẹsẹ̀ lẹ kọ́kọ́ máa dì, kó tó kan tòkè. Èmi máa ń dì tòkè ṣáájú, ìyá ẹ̀ ló ká mi mọ́.

Bàtà: kánfáàsì tó ṣí ẹnu gbàgà, ẹ yọ ìtẹ́lẹ̀ inú ẹ̀. Ẹsẹ̀ tó wọ kálípà máa fẹ́ bàtà tó fi nọ́ńbà kan tàbí méjì tóbi ju ìkejì lọ. Ẹ lọ sí Òkè-Àjé n'Íjẹ̀bú-Òde lápá àwọn ọkirika, ẹ ó rí i rà.

Ọmọ Alárè (Madrid)

Mo rí ọ̀kan ní Spain níbí, ẹ̀rọ ni wọ́n wọ̀ fọ́mọ látìbàdí dé ẹsẹ̀, mọ́tò kéékèèké wà ní gbogbo oríkèé ẹ̀, bátìrì ló ń lò, ọmọ tí kò lè dìde á dìde á máa rìn. Elena García Armada lorúkọ obìnrin onímọ̀ ẹ̀rọ tó ṣe é. Ṣé kò ní dé Nàìjíríà?

Télọ̀ Ìjẹ̀bú-Igbó

Ó máa dé. Ṣùgbọ́n bátìrì lo sọ àbí? Nígbà tí wọ́n bá múná lọ ní ìdajì ọ̀nà ọjà ńkọ́, ṣé kọ́mọ dúró síbẹ̀ títí wọ́n á fi mú un dé? Irin tèmi ò béèrè iná lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Eré ni mò ń ṣe o, ó wù mí kí n rí i lójú kí n tó kú.

Màmá Elélùbọ́ (Ìpẹ̀rù)

Físíò, mo ti gbọ́ ọ. Mi ò mọ̀ pé ara iṣan lọ̀rọ̀ wà. Ṣé kò wá ní máa wọ̀ ọ́ títí ayé báyìí?

Físíò Rẹ́mọ

Ẹ ṣé Màmá. Tiwọn yìí, bí iṣan bá hù padà dáadáa, wọ́n lè bọ́ ọ dànù pátápátá. Bí kò bá hù tán, á máa lò ó, á lọ iléèwé, á lọ́kọ, á bímọ. Ohun tó le jù fún mi, ẹ jẹ́ n fi kún ti Télọ̀, ni àwọn ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú kókó lẹ́yìn, ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹsẹ̀ wọn rọ, kò sì mọ̀ ọ́n lára bí nǹkan bá ń ha á. Rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kì í pa ìmọ̀lára, òun ló jẹ́ kí Télọ̀ lè nawọ́ síbi tó ń dùn ún. Àwọn tí mò ń sọ yìí, kálípà lè jẹ ẹsẹ̀ wọn dé eegun kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Ìyá ló máa fojú wò ó fún wọn láràárọ̀ lálaalẹ́. Ọmọ tó ń ké "mọ́mì ó ń dùn mí," ó ń ṣe yín lóore.

Ìyá Àjọkẹ́ (Ṣàgámù)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ má bínú mo pẹ́, ọjọ́ 19 rèé.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo na ẹsẹ̀ ẹ̀ bí Físíò ṣe wí. Ó ń há o. Kò há púpọ̀, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ kó dé. Mo gbé e lọ síbi físíò, wọ́n fi POP dè é ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n tú u, wọ́n tún dè é ọ̀sẹ̀ kan sí i, ó dé. Wọ́n ní ká dúpẹ́ pé a ò jẹ́ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Egbò náà jiná sábẹ́ ibẹ̀, wọ́n gé ojú fèrèsé kékeré kan sí POP kí wọ́n lè máa wò ó.

Mo wá fi tìróò kun kókósẹ̀, Télọ̀ ẹ kú ọgbọ́n, ó yọ gbòó sínú ike. Ẹni tó ṣe é fún wa ò bínú rárá o, èmi ni mo ti ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀, mo ti to èébú sẹ́nu de ẹ. Ó gbé ẹ̀rọ kan bíi èyí tí wọ́n fi ń gbẹ irun ní sàlúù, àmọ́ tiẹ̀ gbóná ju ìyẹn lọ, ó yan ojú ibẹ̀ títí tó fi rọ̀, ó fi irin róbótó kan tì í síta láti inú, ike yẹn wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tó há ẹ̀kọ sẹ́nu. Ó ní kí ló dé tẹ́ ẹ ò wá látijọ́. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ.

Wákàtí 1 lọ́jọ́ kìíní. Ó pọ́n, ìṣẹ́jú 15 ó ti parẹ́. Wákàtí 1 náà lọ́jọ́ kejì torí ẹ̀rù. Báyìí a ti dé wákàtí 4. Àná ó gbé ike omi kékeré kan láti ẹnu kànga wá síbi tí ìyá ọkọ mi jókòó sí, tí wọ́n ń yọ ìdọ̀tí gàrí, omi ò dà. Wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn gba omi yẹn mu tán pátá, bẹ́ẹ̀ òùngbẹ ò gbẹ wọ́n. Lálẹ́ mo gbọ́ tí wọ́n ń bi ọmọ pé ṣé ọ̀sán tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kí àwọn máa ràn án lọ́wọ́ wọ bàtà ẹ̀.

Ti ọkọ mi, ó gbé mi lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde fúnra ẹ̀ lọ ra bàtà. Àwọn tó ń ta ọkirika ò gbà kí n mú ẹsẹ̀ kan kan nínú méjì, mo bá ra odindi méjì, kánfáàsì aláwọ̀ kan náà, 26 àti 28. Òsì 26 àti ọ̀tún 28 ló ń wọ̀. Ó wá ku ọ̀tún 26 àti òsì 28 nílẹ̀, ọmọ mi ò tíì wọ̀ ọ́ rárá. Ẹni tọ́mọ ẹ̀ ń wọ kálípà lẹ́sẹ̀ òsì tí ìwọ̀n ẹ̀ bá bọ́ sí i, ẹ wá mú un lọ́fẹ̀ẹ́, mo máa ń wà ní Sabo lọ́jọ́ ọjà.

Ìyá Ìbejì (Àgọ́-Ìwòyè)

Òsì ni tọmọ mi! Àmọ́ 24 ló ń wọ̀ báyìí. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi gbé e dání, ẹsẹ̀ ẹ̀ ń sáré dàgbà.

Ìyá Àjọkẹ́ (Ṣàgámù)

Ó ti di tiyín. Mo ti kọ "Àgọ́-Ìwòyè" sí i lábẹ́.